Ìfọwọ́sí Tó Gbé Orin Àwọn Ìyá Wa Lọ

Ojú ọ̀nà ni mo wà, nítòsí Ganmọ, nígbà tí mo rí i. Ọkọ̀ tí mo wọ̀ láti Ìlọrin yà síbi tí wọ́n ti ń ta epo, mo bá ṣí pépà wa, iṣẹ́ ìwádìí tí èmi àti ọ̀gá mi ní yunifásítì jọ kọ, lórí fóònù mi. Kì í ṣe pé mo fẹ́ kà á. Mi ò kàn lè jókòó kí ọwọ́ mi dilẹ̀ ni. Ní ìsàlẹ̀ ojú ewé àkọ́kọ́, níbi tí lẹ́tà ti kéré débi pé mo ní láti fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́, mo rí àmì kọ́píráìtì, lẹ́yìn rẹ̀ ọdún, lẹ́yìn ọdún orúkọ ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé kan lókè òkun. Kì í ṣe orúkọ mi. Kì í ṣe orúkọ ọ̀gá mi pàápàá. Wọ́n wá kọ ọ́ tẹ̀lé e pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tún iṣẹ́ náà tẹ̀, ìbáà jẹ́ odidi, ìbáà jẹ́ apá kan, láìgba àṣẹ lọ́wọ́ wọn.

Nínú báàgì tó wà lórí itan mi lásìkò yẹn gan-an ni ìwé pẹlẹbẹ kan wà tí mo ti tò tán fún ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Èsìẹ́. Orin ìrẹmọlẹ́kún, pẹ̀lú ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti àlàyé, ló kún inú rẹ̀. Àwọn orin yẹn náà la tò sí ìparí pépà wa. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ yẹn ni mò ń gbé e lọ, obìnrin kan tó ti ń bi mí léèrè rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti sọ fún un. Awakọ̀ ra epo tán, ó ṣáná sí ọkọ̀, a ń lọ, èmi nìkan ni ara mi ò lélẹ̀ nínú ọkọ̀ bí ẹni tí èèrùn wọ̀ láṣọ. Mi ò gbé ìwé náà dé Èsìẹ́ lọ́jọ́ náà; mo yà padà sí Ìlọrin.

Mo fẹ́ sọ ohun tí wọ́n ṣe fún mi ní ẹsẹẹsẹ, nítorí gbogbo ìgbà tí mo bá fi ìbínú sọ ọ́, àwọn èèyàn á ní kí n ṣe sùúrù, bí ẹni pé sùúrù ni mo sọ nù.

Òmù-Àrán ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n Èsìẹ́ ni agboolé ìyá mi. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, ṣì wà níbẹ̀, òun àti àwọn ìyàwó ilé méjì tí wọ́n jọ dàgbà. Àgbẹ̀ ni wọ́n, ọmọ ìjọ sì ni wọ́n, orin wọn náà sì rí bẹ́ẹ̀: ẹ ó gbọ́ èyí tí ohùn rẹ̀ jẹ́ ti orin ìsìn, tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì jẹ́ ti ìyá tó tẹ́ ọmọ sábẹ́ igi kó lè ráyè kọ ebè. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ gba ohùn wọn sílẹ̀, mo gbé ẹ̀rọ ka iwájú wọn, mo ní kí wọ́n máa kọrin. Wọ́n wò mí. Ìyá Àgbà ní ta lòun ó kọ ọ́ fún, ṣebí kò sí ọmọ níbí. Mo rò pé ó ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ ni, àṣé òótọ́ ni. Láìsí ọmọ lẹ́yìn, orin náà kì í wá sí wọn lẹ́nu. Tó bá tiẹ̀ wá, wọ́n ní kò dáa kí obìnrin máa rẹ ẹni tí kò sí lẹ́kún. Bí mo ṣe di ẹni tó ń yá ọmọ kiri àdúgbò nìyẹn. Kí n tó lè ṣiṣẹ́, mo ní láti kọ́kọ́ wá ìyá ọmọ kan tó fẹ́ sùn díẹ̀ lọ́sàn-án. Inú ẹ̀rọ mi kún fún ẹkún àti ikọ́, àti ohùn obìnrin mẹ́ta tó ń gba ọmọ lọ́wọ́ ara wọn.

Wọ́n bá mi ṣe àdéhùn kan. Ìyá Àgbà ló sọ ọ́, ó fi Ìgbómìnà tó jinlẹ̀ sọ ọ́, irú èyí tí kì í bá àlejò sọ. Ó ní kí n gbé orin náà lọ sí yunifásítì mi, kò burú, ṣùgbọ́n kí n gbé e padà wálé nínú ìwé tí àwọn ọmọ Èsìẹ́ lè kà, nítorí fóònù làwọn ìyàwó òde òní fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Mo ní màá ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ìyàwó ilé méjèèjì gbọ́, wọn ò sì jẹ́ kí n gbàgbé. Tí wọ́n bá ti rí mi lọ́nà ilé, wọ́n á ní, "Tíṣà, ṣé orin wa ti ń bọ̀ nílé, àbí wọn ò tíì fún un ní físà?"

Ọ̀gá mi kò tẹ ilẹ̀ Èsìẹ́ rí lórí iṣẹ́ yìí. Mo fẹ́ kí ìyẹn yé yín dáadáa. Kò yá ọmọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo kọ orin sílẹ̀, èmi ni mo túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, èmi ni mo kọ àlàyé. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó ní kí n pààrọ̀ àkọlé, orúkọ rẹ̀ sì wọlé. Ìyẹn ò bí mi nínú tó bẹ́ẹ̀. Òun ló kọ́ mi, bẹ́ẹ̀ náà la sì ń ṣe é lẹ́ka wa, kò sẹ́ni tó ń yọ orúkọ ọ̀gá rẹ̀ sílẹ̀. Òun náà ló fi pépà ránṣẹ́, ó ní àwọn olóòtú jọ́nà náà, ìwé àkójọ ìwádìí tí ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé yẹn ń gbé jáde, mọ orúkọ òun. Nítorí náà, ímeèlì rẹ̀ ni wọ́n ń kọ̀wé sí, ímeèlì rẹ̀ náà ni fọ́ọ̀mù kọ́píráìtì gbà wọlé. Èmi ò rí i. Kò sẹ́ni tó fi hàn mí.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ ni mo tó gba ẹ̀dà rẹ̀. Mo ti kà á débi pé mo lè sọ ọ́ lórí. Ọ̀nà méjì ni wọ́n gbé ka iwájú òǹkọ̀wé, kò sì sí owó nínú èyíkéyìí. Nínú ti àkọ́kọ́, ẹ̀tọ́ wa á wà lọ́wọ́ wa, a ó kàn fún wọn láyè láti tẹ̀ ẹ́ jáde, orúkọ wa ni yóò sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì kọ́píráìtì. Nínú èkejì, a ó gbé gbogbo ẹ̀tọ́ náà lé wọn lọ́wọ́ pátápátá, ní gbogbo èdè, ní gbogbo ayé. Èkejì ni ọ̀gá mi fàmì sí. Ó fọwọ́ sí i pé lórúkọ gbogbo òǹkọ̀wé ni òun ń ṣe é, àti pé gbogbo wọn ló ti gbà. Gbogbo wọn wo? Àwa méjì péré la kọ ọ́. Ó tún fọwọ́ sí gbólóhùn mìíràn, èyí tó dùn mí jù: pé kò sí ohunkóhun nínú iṣẹ́ náà tó jẹ́ ti ẹlòmíràn.

Mo kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà fúnra mi. Ẹni tó dá mi lóhùn mọ ìwà hù, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó kí mi kú oríire iṣẹ́ tó dára. Ó ní mo lè fi pépà náà kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, mo sì lè gbé ẹ̀dà tí a kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, èyí tí wọn kò tíì tò fún títẹ̀, sójú ewé ti ara mi lórí ẹ̀rọ ayélujára. Ṣùgbọ́n ní ti pé kí n tẹ àwọn orin náà sínú ìwé kí n máa pín in, ẹ̀tọ́ yẹn kò sí lọ́wọ́ mi mọ́, kí n kọ̀wé béèrè ìyọ̀ǹda, kí n sì ṣàlàyé ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Iná ti lọ ní ọ́fíìsì wa lọ́jọ́ náà. Mo jókòó nínú ooru, mò ń ka ibi tí wọ́n ti ní kí n wá tọrọ orin ẹ̀gbọ́n ìyá mi, kí n lè fún ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń gbọ́ agogo rẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé.

Mi ò lè sùn dáadáa. Mi ò lè lọ sí Èsìẹ́. Nígbà tí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ bá pè mí, mo máa ń wo fóònù títí tí yóò fi dákẹ́.

Níkẹyìn, mo pinnu pé màá lọ bá ọ̀gá mi nílé rẹ̀ ní Ìgbàjà. Lọ́dọ̀ tiwa, èèyàn kì í dá gbé ẹjọ́ lọ bá ẹni tó jù ú lọ, nítorí náà mo mú àbúrò ìyá mi ọkùnrin dání. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, àgbà ìjọ sì ni, òun àti ọ̀gá mi sì jọ wà nílé ẹ̀kọ́ míṣọ́n nígbà èwe wọn. A wọ ọkọ̀ dé Àjàṣẹ́-Ìpo, a wọ òmíràn dé Ìgbàjà, a wá gun ọ̀kadà wọ àdúgbò. Kí a tó kan ilẹ̀kùn, ó ní kí n rántí pé ìkúnlẹ̀ ni n óò kọ́kọ́ kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Mo ní èmi kọ́ ni mo ṣẹ̀, èmi ni wọ́n ṣẹ̀.

Ó ní, "Mo mọ̀. Tètè kúnlẹ̀ ká lè kúrò lórí ìyẹn."

Mo kúnlẹ̀. Inú ọ̀gá mi dùn láti rí wa. Ó ní kí n dìde, ó ní kí wọ́n gbé omi wá. Àbúrò ìyá mi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láti orí òjò ọdún yẹn, ó dé orí iṣu, ó dé orí àwọn tí wọ́n jọ kàwé tí wọ́n ti kú, ó sì fara balẹ̀ sọ ti ìkọ̀ọ̀kan wọn. Nígbà tó yá, ó ní, "Ọmọ yín yìí ní ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu," mo bá kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Ọ̀gá mi kò bínú. Ìyẹn gan-an ló dá kún ìbínú mi. Ó yà á lẹ́nu ni. Ó ní nígbà tí òun rí ọ̀nà méjèèjì lórí fọ́ọ̀mù náà, òun rò pé dídán ni wọ́n ń dán wa wò, bóyá a mọ iyì ẹni tó gbà wá lálejò. Irú ilé-iṣẹ́ ńlá báyìí gba iṣẹ́ ẹni, a wá tún ní ẹ̀tọ́ wa ò kúrò lọ́wọ́ wa?

Ó ní, "Ṣé o máa gbé oúnjẹ fún àlejò kí o tún máa di àwo mú ni? Ojú tì mí láti fàmì sí ti àkọ́kọ́ yẹn. Orúkọ wọn tó sì wà nísàlẹ̀ iṣẹ́ rẹ, mo rò pé wọ́n fi bu iyì kún wa ni. Mo fọwọ́ sí i fún ọ bí bàbá ṣe ń fọwọ́ sí i fún ọmọ."

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ má bínú sà. Olórí ẹbí tó bá fi ilẹ̀ ẹbí tọrẹ tí kò pe ẹbí, ṣé ilẹ̀ náà ti lọ?"

Àbúrò ìyá mi wúkọ́. Ó ní kí n rọra. Ọ̀gá mi wo ojú fèrèsé, ó ní ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yàtọ̀ sí ti ìwé, ṣùgbọ́n kò sọ bó ṣe yàtọ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni mo béèrè. Mo ní kí ó kọ̀wé sí olóòtú, òun tó fọwọ́ sí i, kí ó sọ pé àwọn obìnrin Èsìẹ́ ló kọ orin wọ̀nyẹn, pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe ti àwa òǹkọ̀wé, àti pé ohun tí kì í bá ṣe tiwa kò lè wà nínú ohun tí a gbé fún wọn. Kí wọ́n kọ ìyẹn sábẹ́ àwọn orin náà níbi tí gbogbo ayé á ti rí i. Ojú ẹsẹ̀ ló rí ibi tí mò ń lọ.

"O fẹ́ kí n kọ ọ́ pé mo parọ́."

"Mo fẹ́ kí ẹ kọ ọ́ pé ẹ ò béèrè."

Ó dìde, ó rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó padà. Ó mu omi tí wọ́n gbé wá fún wa. Nígbà tó jókòó, ó ti rí ohun tí yóò gbà lọ́wọ́ mi. Ó ní òun á kọ̀wé náà, ṣùgbọ́n òun lòun ó kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé àwọn ọmọdé yẹn, kí a sì fi fọ́tò òun síwájú, èyí tí òun ti wọ aṣọ oyè ọ̀jọ̀gbọ́n. Mo la ẹnu. Àbúrò ìyá mi ti ní, "Ó gbà." Mo bá a jà láti Ìgbàjà títí a fi dé Àjàṣẹ́-Ìpo. Ó ra àgbàdo sísè, ó ń jẹ ẹ́, ó sì ń dá mi lóhùn ní "hùn-ún, hùn-ún."

Ọ̀gá mi kọ̀wé náà nígbẹ̀yìn, lẹ́yìn tí mo ti rán an létí títí tí ojú fi ń ti èmi alára. Ìwé kúkúrú ni, ó sì kọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣe wọ́n lóore. Wọ́n gbà. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ inú orin náà kò sí lábẹ́ ẹ̀tọ́ wọn, àwọn á sì kọ gbólóhùn kan sábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì àti àlàyé mi jẹ́ tiwọn síbẹ̀. Ẹ wo irú ìyà yìí: mo jókòó, mò ń wá ọ̀nà mìíràn tí n óò gbà sọ ohun tí èmi fúnra mi ti sọ dáadáa lẹ́ẹ̀kan. Tí gbólóhùn kan bá dùn lẹ́nu mi, ẹ̀rù á bà mí pé bóyá èyí tí mo ti fún wọn ni. Màá lọ wò ó. Nígbà mìíràn, òun ni.

Ó wá ku ojú ewé tí a ó kọ ẹni tó ni ìwé sí. Mo gbé ìyẹn lọ bá àwọn ìyá ní Èsìẹ́, nítorí mo ti búra pé mi ò ní fọwọ́ sí nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Mo rò pé wọ́n á ní kí n kọ orúkọ àwọn mẹ́ta. Rárá o. Ìyá Àgbà ní ìyá ọkọ òun ló kọ́ òun ní tòun. Ìyàwó ilé kan ní obìnrin kan tó ti Ṣàárè wá ló mú èyí tí òun mọ̀ jù wá, pé ọ̀rọ̀ Núpé wà nínú rẹ̀ tí kò yé òun títí dòní. Ẹnìkejì ní irọ́ ni, òun ló kọ́ ọ lórin yẹn. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n bá ara wọn jà. Wọ́n tú orúkọ àwọn ìyàwó tó ti kú síta, wọ́n pín orin fún wọn, wọ́n gbà á padà. Ó rẹ Ìyá Àgbà.

Ó ní, "Kọ ọ́ pé ẹni tó bá gbé ọmọ dání ló ni ín. Ṣé ó tán?"

Mo mọ̀ pé kò sí ilé ẹjọ́ tó máa gba gbólóhùn yẹn. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo kọ orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sábẹ́ rẹ̀ pé àwọn ló kọrin fún wa.

Lọ́jọ́ tí a gbé ìwé náà wá sílé ẹ̀kọ́, àwọn ọmọ Èsìẹ́ kan tó ń gbé Èkó wà nílé nítorí ìsìnkú, wọ́n sì wá. Ọ̀gá mi wá pẹ̀lú, nínú agbádá, ó jókòó síwájú. Mi ò bá a jà, mi ò sì wò ó. Mò ń rìn láti yàrá kan dé èkejì, mò ń ka iye ìwé tí mo ti kà tẹ́lẹ̀. Ìyá Àgbà ṣí tirẹ̀, ó rí fọ́tò, ó gbójú sókè, ó rí ẹni tó ni ín lórí àga.

Ó ní, "Ẹ̀yin rèé níwájú ìwé?"

Ọ̀gá mi ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, màmá."

"Ẹ ò gbé ọmọ dání."

Wọ́n ka ojú ewé náà fún un, gbogbo ilé ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé ti gba ọmọ lọ́wọ́ obìnrin ará Èkó kan, ó ti mú ọ̀já pẹ̀lú. Ọ̀gá mi ní òun ò lè pọ̀n ọ́n, òun á gbé e. Ọmọ náà wo fìlà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó fi igbe ta. Gbogbo wa sún mọ́ ọn láti rí ohun tí ọ̀jọ̀gbọ́n máa ṣe, kí n sì sọ òótọ́, inú mi ń dùn.

Ó kọrin. Kò kọ èyí tó wà nínú ìwé. Ó rọra ń kọ ọ́ sí ọmọ náà létí, bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ ní Ìgbàjà, orin kan tí mi ò gbọ́ rí lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni nínú gbogbo bí mo ṣe ń yá ọmọ kiri. Orúkọ odò kan wà nínú rẹ̀, àti ìyá kan tó lọ pọn omi tí kò tíì dé. Ẹkún ọmọ náà lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ mi ti wà lórí fóònù. Mi ò tẹ̀ ẹ́.

Mo dúró títí ó fi gbé ọmọ náà fún ìyá rẹ̀. Mo lọ bá a, mo bi í pé ta ló ni orin yẹn. Ó ní ìyá òun ni, ó ti di olóògbé. Mo ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ lè fún mi láyè kí n gbà á sílẹ̀?"

Ó wò mí, ó tún fìlà rẹ̀ ṣe.

Ó ní, "Èmi nìkan kọ́ ló bí. Jẹ́ kí n bi àwọn àbúrò mi ná."

Mo pè é láàárọ̀ yìí. Ó ní àwọn tó wà nílé ti gbà, ṣùgbọ́n èyí tó wà ní Èkó nínú wọn kò tíì dá òun lóhùn.